Àwọn Ọmọ Kétu Ń Múra Àtilọ sí Oko Songhai

Ní ilé-ìwé kan ní Kétu, ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì CE2. Ní ọjọ́ Ajé kan, olùkọ́ wọn kọ ìbéèrè kan sí ojú pátákó: “Níbo ni ẹ fẹ́ lọ wò kí a tó gba ìsinmi ńlá?”

Ariwo sọ. Ọ̀kan ní òkun ni òun fẹ́ rí. Òmíràn ní ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnu. Ọmọbìnrin kan ní ọjà Dantokpa ni, torí pé ibẹ̀ ni ìyá òun ti ń ra aṣọ, kò sì mú òun dání rí. Olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n pariwo tẹ́ ara wọn lọ́rùn. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, ó sọ̀rọ̀.

“Ní ọdún tó kọjá, a lọ wo Àkàbà Ìdènà. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ, ẹsẹ̀ la fi rìn bọ̀. Ẹ rí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ náà. Ẹ rí yàrà tí àwọn baba ńlá yín gbẹ́ kí ogun má baà wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ògiri ní ìbéèrè, ògiri kò fèsì. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí a ti lè bi èèyàn ní ìbéèrè, kí ó sì dá wa lóhùn.”

Ó dárúkọ ibi méjì. Méjèèjì wà ní Porto-Novo, ìlú tí àwọn àgbà ń pè ní Àjàṣẹ́. Èkíní ni ààfin Ọba Toffa, tí ó jọba láti ọdún 1874 títí di ọdún 1908. Ààfin náà ti di ibi tí àwọn èèyàn ti ń wo ohun àtijọ́. Èkejì ni oko Songhai. Oko tó ń ṣiṣẹ́ ni ìyẹn. Àwọn èèyàn ń gbìn níbẹ̀, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń kọ́ ẹni tó bá wá.

Olùkọ́ gbé igbá méjì kalẹ̀. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wóró àgbàdo kan. Ẹni tó fẹ́ ààfin á ju wóró tirẹ̀ sínú igbá ńlá. Ẹni tó fẹ́ oko á jù ú sínú igbá kékeré. Nígbà tí wọ́n kà á, ààfin ní 17, oko ní 23. Inú àwọn tó fẹ́ ààfin kò dùn. Olùkọ́ ní kí wọ́n má bínú, ààfin kò ní sá lọ.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́.

“Màdáàmù, bàbá mi lóko. Èmi náà ń bá wọn lọ. Mo mọ oko dáadáa. Kí ni a tún ń lọ wò?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sí orí pátákó lókè pátápátá: “Kí ni a ń lọ wò?” Ó ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún kúrò títí wọn yóò fi lọ.

Olùkọ́ lọ ṣáájú

Olùkọ́ yìí kì í kó ọmọ lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ tákísí lọ sí Porto-Novo. Ọkọ̀ gba Pobè kọjá, ó gba Sakété kọjá. Ní agbègbè Pobè, ọ̀pẹ ló wà lọ́tùn-ún lósì. Láti ọdún 1922 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ níbẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá dé Pobè, kí òun jí gbogbo ọmọ tó bá ń sùn.

Oko Songhai wà ní àdúgbò Ouando, ní Porto-Novo. Olùkọ́ wo ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó béèrè ibi tí omi mímu wà, àti ibi tí ogójì ọmọ lè jókòó sí lábẹ́ ibòòji láti jẹun. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò wá àti ẹni tí yóò mú wọn rìn yíká. Ó wo àwọn adágún ẹja. Nígbà tó kọ “adágún” sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà pupa méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ròyìn fún kíláàsì.

“Ní ọdún 1985, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Godfrey Nzamujo ló bẹ̀rẹ̀ oko yìí. Ọmọ Nàìjíríà ni. Ìjọba ilẹ̀ Benin fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan.”

Ọmọ kan béèrè bí hẹ́kítà kan ṣe tóbi tó. Olùkọ́ kó gbogbo wọn jáde. Wọ́n mú okùn, wọ́n wọn 100 mítà ní gígùn. Wọ́n tún wọn 100 mítà ní fífẹ̀. Ilẹ̀ náà kọjá pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ẹni tó múlé tì wọ́n. Ìyá àgbà kan yọjú láàárín ẹ̀gẹ́. Ó bi wọ́n pé ta ló fẹ́ ra ilẹ̀ àwọn. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣàlàyé fún un.

Nígbà tí wọ́n padà jókòó, olùkọ́ ní: “Ilẹ̀ tí wọ́n fún àlùfáà náà kì í ṣe ilẹ̀ tó dára. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ti pa á tì. Ó pe oko náà ní Songhai, torí pé Songhai ni orúkọ ìjọba ńlá kan ní àtijọ́. Gao ni olú-ìlú ìjọba yẹn, lẹ́bàá odò Ọya, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí.”

Ẹ̀fọ́ ni ilẹ̀ tó ti jẹ́ ẹrẹ̀ yẹn ń hù báyìí. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ ju nǹkan nù. Olùkọ́ ya àyíká ńlá kan sí ojú pátákó, ó sì ya adìẹ kan sí òkè rẹ̀.

“Adìẹ jẹun, adìẹ sì yàgbẹ́,” ni olùkọ́ wí. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dára. Wọn kì í gbá ìgbẹ́ adìẹ dànù. Eṣinṣin á bà lé e, á yé ẹyin sí i. Ẹyin á di ìdin. Wọ́n á kó ìdin náà fún ẹja jẹ.”

“Èèwọ̀!” ni ọmọbìnrin kan pariwo. Ó ní òun kò ní jẹ ẹja mọ́ láéláé.

“Ẹja odò tí o jẹ lánàá ńkọ́?” ni olùkọ́ bi í. “Kí lo rò pé òun náà ń jẹ nínú omi?”

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní bóyá òun á máa jẹ ẹ́ lọ.

Olùkọ́ ya ẹja sí ẹ̀gbẹ́ adìẹ. Ó ya ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹja, torí pé omi tí ẹja ti gbé inú rẹ̀ dára láti fi bomi rin ẹ̀fọ́. Ó ya ehoro àti ọ̀yà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́, torí pé ewé tí èèyàn kò jẹ, àwọn lè jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ àwọn ẹran náà á tún padà sí ilẹ̀. Ó fi ọfà so gbogbo wọn pọ̀ títí ìlà fi kan adìẹ lókè.

Ó kù síbì kan. Wọ́n tún máa ń kó ìgbẹ́ ẹran àti omi sínú kòtò tí wọ́n bò pa, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Bí ó bá ti ń jẹrà níbẹ̀, gáàsì á jáde lára rẹ̀. Wọ́n á fi páìpù fa gáàsì náà lọ sí ilé ìdáná, wọ́n á sì fi dáná. Ẹrẹ̀ tó kù nínú kòtò á di ajílẹ̀, ìyẹn oúnjẹ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó wá igi ìdáná lọ sínú igbó fún iná yẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń ṣẹ́gi lọ́jọ́ Sátidé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ bi wọ́n pé: “Kí ni wọ́n ń jù nù nílé yín?”

Èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo iṣu. Eérú. Ìgbẹ́ ewúrẹ́. Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ní: “Pòpórò àgbàdo. Bàbá mi máa ń dáná sun ún lóko lẹ́yìn ìkórè.” Olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà wọ kíláàsì

Kí wọ́n tó lọ wo oko tuntun, olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n mọ oko àtijọ́. Ó ní kí oníkálukú béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn bóyá wọ́n ní ohun èlò oko tàbí ti ilé ìdáná tó ti pẹ́, kí wọ́n sì yá a fún ọjọ́ kan. “Ẹ kọ́kọ́ béèrè o,” ni ó tẹnu mọ́. “Ẹ má gbé ohun olóhun jáde.”

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, tábìlì kò gba ẹrù mọ́. Ọmọ kan gbé agbè tí wọ́n fi ń pọnmi lọ sí oko wá. Ẹlòmíràn gbé asẹ́ wá. Àwọn ọmọkùnrin méjì fi ọmọlanke ti ọlọ kan wá, òun àti ọmọ ọlọ rẹ̀. Ojú ọlọ náà ti jin bí àwo, torí pé ìyá ìyá ẹni tó ni ín ti lọ ata lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú igbà wá, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi gun igi kankan nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ wò jù ni ọkọ́ kan tí irin rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n rò pé ọkọ́ ọmọdé ni. Kì í ṣe ọkọ́ ọmọdé. Ọkọ́ àgbàlagbà ni, ilẹ̀ ló jẹ ẹ́ tó fi kéré bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà ọmọbìnrin kan ló ni ọkọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wá. Nígbà tó wọlé, gbogbo ọmọ dìde. Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ó dàgbà. Ẹ dìde, ẹ má fi ẹrùpẹ̀ ba aṣọ jẹ́.”

Bàbá kò fẹ́ jókòó. Ó ní inú ilé kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ọkọ́. Ó kó wọn jáde sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì kọ ebè kan. Ọkọ́ rẹ̀ lọ, ọkọ́ rẹ̀ bọ̀. Kí àwọn ọmọ tó kà dé ogún, ebè ti dúró. Ọmọkùnrin kan gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè ju orí lọ, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ gbàà. Ọkọ́ fò padà.

“Rọra,” ni Bàbá wí. “Ọkọ́ kì í ṣe kùmọ̀. Má fi lu ilẹ̀. Jẹ́ kó wọlẹ̀, kí o wá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò níbẹ̀ kí o má baà ṣá a.”

Wọ́n gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ebè wọn wọ́. Bàbá ní iṣu tó bá wà nínú ebè yẹn á sunkún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ lóko béèrè ohun tí wọ́n ń fún ilẹ̀ jẹ ní àtijọ́.

“A kì í fún un ní nǹkan kan,” ni Bàbá dáhùn. “À ń jẹ́ kó sinmi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi á dáko síbì kan fún bí ọdún mẹ́ta. Bí ó bá rí i pé àgbàdo ti ń tínrín, á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, á lọ sí ibòmíràn. Igbó á hù padà. Ewé á máa já bọ́, á máa jẹrà. Ó máa ń tó ọdún mẹ́wàá nígbà mìíràn kó tó padà síbẹ̀. Ìgbà tó bá wá padà, ilẹ̀ á ti dúdú, á ti rọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá?”

“Ilẹ̀ dà? Èèyàn ti pọ̀. Bàbá mi pín ilẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́fà. Àwa náà pín in fún àwọn ọmọ tiwa. Ìwọ̀nba tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọdọọdún ló ń gbìn ín. Bí ó bá ní kí ó sinmi, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ?”

Ọmọkùnrin náà kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bò ó.

Owó àti lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Onímọ́tò ní 110 000 fáráǹkì ni òun máa gbà láti gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Alága ẹgbẹ́ òbí dúnàádúrà títí ó fi gba 90 000. Ẹgbẹ́ òbí san 30 000 nínú rẹ̀. Ó ku 60 000. Kíláàsì pín in sí ọ̀nà ogójì lójú pátákó: 1 500 fáráǹkì ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé ni yóò san owó ìwọlé.

Lẹ́tà ló gba àkókò. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló kọ ọ́, olùkọ́ sì bá wọn tún un ṣe. Yorùbá wà ní ojú kan, Faransé wà ní ojú kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ojú ti Yorùbá:

“Ẹ̀yin òbí wa,
A kí yín o. Àwa ọmọ CE2 fẹ́ lọ wo oko Songhai ní Porto-Novo ní ọjọ́ Ẹtì tó máa parí oṣù yìí. A ó kúrò ní ilé-ìwé ní aago mẹ́fà àárọ̀. A ó padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 500 fáráǹkì. Ẹ lè san 500 ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní oúnjẹ àti omi, ẹ fún wa ní fìlà nítorí oòrùn, kí ẹ sì jẹ́ ká wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Bí ara ọmọ yín kò bá le, ẹ sọ fún olùkọ́ wa. Bí ẹ bá gbà, ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, tàbí kí ẹ tẹ̀ka.
Àwa ọmọ yín.”

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ka lẹ́tà náà fún àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, 39 ti padà. Ọ̀kan ló kù. Ti ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ni.

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́tà náà tán, ó sì ti fi í lé e lọ́wọ́ padà. Ohun tó sọ ni pé: “Mo rán ọ lọ sílé-ìwé kí o má baà máa fi ọkọ́ jẹun bíi tèmi. Ẹ wá ní kí n sanwó kí o lè lọ wo oko? Oko tèmi kò tó wò ni? Bá mi lọ lọ́la, o ó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.”

Ọmọ náà kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó sọ ọ́ fún olùkọ́ bí ó ti rí. Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́, wọ́n ní àwọn á dá owó náà fún un. Ọmọ kan ti ṣírò rẹ̀: bí gbogbo wọn bá mú 40 fáráǹkì wá, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

“Ẹ ṣeun,” ni olùkọ́ wí. “Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò sọ pé òun kò lówó. Ó ní òun kò rí ìdí tí ẹ fi ń lọ. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ wo pátákó. Ọmọ rẹ̀ ti béèrè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, a kò sì tíì dá a lóhùn.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lókè: “Kí ni a ń lọ wò?”

Ní ọjọ́ yẹn, wọn kò ṣe ìṣirò mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan tó fẹ́ béèrè ní oko Songhai. Olùkọ́ kó wọn jọ sínú ìwé kan. Nírọ̀lẹ́, ó gba ilé ọmọkùnrin náà lọ.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀ oko.”

“Ẹ káàbọ̀, olùkọ́. Ẹ jókòó. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá.”

Olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ó fún ọmọ náà ní ìwé, ó ní kí ó ka ìbéèrè àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń ṣe tí ìdin kò fi ń di eṣinṣin kó fò lọ kí ẹja tó jẹ ẹ́? Èló ni wọ́n ń ta ọ̀yà kan? Ta ló ń kọ́kọ́ jí níbẹ̀ ní àárọ̀? Ṣé gáàsì yẹn kì í rùn nínú ọbẹ̀?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọmọ náà ń kà á lọ. Nígbà tó kan ọ̀kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ilẹ̀ bàbá mi kò sinmi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àgbàdo rẹ̀ ń dín kù. Kí ni kí bàbá mi ṣe?”

Ilé dákẹ́.

“Ta ló kọ ìyẹn?” ni bàbá béèrè.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ta ló sọ fún ọ pé àgbàdo mi ń dín kù?”

“Mo máa ń ka àpò bí ẹ bá ń kó o wọlé. Ní èṣí, àpò méje ni. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, mọ́kànlá ni.”

Bàbá kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, ó yíjú sí olùkọ́.

“Bí wọ́n bá dá a lóhùn, ṣé kò ní gbàgbé kó tó délé?”

“Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá.”

“Ní Yorùbá?”

“Ní Yorùbá.”

Bàbá ní kí wọ́n mú lẹ́tà wá. Ó tẹ̀ka sí i. Ó mú 500 fáráǹkì jáde, ó ní ìyókù ń bọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Bí olùkọ́ ti ń dìde, ó tún pè é padà.

“Ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un. Pòpórò àgbàdo tí mo máa ń sun, ṣé kí n máa sun ún lọ ni, àbí kí n yé sun ún?”

Ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó di ìbéèrè kọkànlélógójì.

Bí wọn yóò ṣe rìn

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, olùkọ́ pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọmọ mẹ́wàá ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òbí kan ló sì ń tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ kìíní á wo adágún ẹja. Ẹgbẹ́ kejì á wo adìẹ àti àwọn ẹran. Ẹgbẹ́ kẹta á wo gáàsì àti ilé ìdáná. Ẹgbẹ́ kẹrin á wo ilẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Kò sí àní-àní nípa ẹgbẹ́ tí ọmọkùnrin náà mú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò yàwòrán. Ẹni tí kì í tijú ni yóò béèrè. Àwọn méjì ni yóò máa kọ ìdáhùn, kí ọ̀kan lè mú ohun tí èkejì bá fò.

Òfin kò pọ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kejì tí kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Bí fèrè bá dún, gbogbo ọmọ á dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní súnmọ́ adágún bí àgbà kò bá sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ti ọwọ́ bọ ilé ẹran. Wọ́n á fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Olùkọ́ á máa ka orí wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ àti nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin kan sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún olùkọ́ pé òun máa ń bì nínú ọkọ̀. Olùkọ́ fún un ní ìjókòó iwájú lẹ́bàá fèrèsé, ó sì fi ọ̀rá mẹ́ta sínú àpò tirẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ ti kún ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Òórùn àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ń jáde nínú àpò wọn. Àwọn kan ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tiwọn. Ọkọ̀ dé ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Olùkọ́ ka orí: 39.

Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ kan yọ lójú ọ̀nà. Bàbá ni ó ń wà á, ọmọ jókòó sẹ́yìn, ó sì gbé ọ̀rá méjì sí ẹsẹ̀. Erùpẹ̀ ló wà nínú wọn. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba oko lọ.

“Olùkọ́, ẹ má bínú,” ni bàbá wí. “Eléyìí, inú oko mi ni mo ti bù ú. Eléyìí, abẹ́ igi ńlá létí oko ni, níbi tí a kò dáko sí rí. Ẹ wò ó.”

Olùkọ́ wò ó. Erùpẹ̀ ti oko pọ́n, ó sì ń dà bí iyanrìn. Ti abẹ́ igi dúdú, gbòǹgbò tíntìntín wà nínú rẹ̀, ekòló kan sì ń rìn lórí rẹ̀.

“Kí wọ́n fi méjèèjì wéra,” ni bàbá wí. “Kí wọ́n sọ fún un bí mo ṣe lè sọ èkíní di èkejì. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ o.”

Ọmọ náà di ọ̀rá méjèèjì mú, ó wọ ọkọ̀. Olùkọ́ tún orí kà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n pé ogójì. Ọkọ̀ ṣí, ó kọjú sí ọ̀nà Pobè.

Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí

Kí ló dé tí olùkọ́ fi kọ́kọ́ lọ sí oko Songhai ní òun nìkan? Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta tó wò níbẹ̀.

Ẹ ya àyíká tí olùkọ́ yà. Ẹ fi ohun kan tí wọ́n ń jù nù nílé yín kún un, kí ẹ fi ọfà hàn ibi tó lè lọ.

Ká ní ẹgbẹ́ òbí san 36 000 fáráǹkì, èló ni ìbá kan ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Kí ni erùpẹ̀ abẹ́ igi ní tí erùpẹ̀ oko kò ní? Ẹ bu díẹ̀ díẹ̀ wá láti ibi méjì nítòsí ilé yín, kí ẹ wò wọ́n.

Ẹ bi àgbà kan nílé léèrè ohun èlò oko tí wọn kò lò mọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe. Ẹ má gbàgbé láti kí wọn kí ẹ tó béèrè.